Bí Ọdẹ́níran Ṣe Wá Ohùn Àwẹ̀ró Dé Ìlú Ìran Kẹrin

Ẹ sún ìjókòó yín mọ́ tòsí, ẹ̀yin ará ilé mi. Kí ẹni tó fẹ́ wúkọ́ wú u tán, kí ẹni tó gbé iṣu kaná lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn yìí kò fẹ́ ẹni tí yóò dìde láàárín. Èmi tí mo fẹ́ sọ ọ́, ogójì ọdún ni mo fi ṣọdẹ. Mo ti sùn níbi tí erè ń sùn, erè ló ṣí fún mi. Mo ti bá ẹfọ̀n wo ojú ara wa rí, ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá ògiri yẹn, bí o bá pa ọ̀kẹ́rẹ́ kan ṣoṣo rí láyé rẹ, dìde kí a rí ọ. O kò dìde. Ó dáa. Síbẹ̀, ìtàn ara mi kọ́ ni n ó sọ lónìí. Ìtàn Ọdẹ́níran Àkàngbé ni, ọ̀rẹ́ mi, ọkùnrin tó rìn jù mí lọ, tí kò sì mú ẹran kankan bọ̀ láti ìrìn àjò náà.

Abà-Àpáta ni Ọdẹ́níran ń gbé, lẹ́bàá àpáta ńlá kan tó tẹ́jú bí ẹní. Òun àti Àwẹ̀ró aya rẹ̀ ni wọ́n jọ dàgbà níbẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ìfẹ́, wọn kì í di ara wọn lọ́wọ́ mú lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí Ọdẹ́níran bá ti igbó dé, omi ìwẹ̀ rẹ̀ ti gbóná. Bí Àwẹ̀ró bá sì ti oko dé, ẹnìkan ti la igi ìdáná rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún méjìlélógójì ni wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ báyìí, ó sì yé wọn.

Òfin kan wà tí baba Ọdẹ́níran fi lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ tó fún un ní ìbọn. Ó ní, “Bí o bá wà nínú igbó tí o gbọ́ orúkọ rẹ, má dáhùn. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kejì, di ẹnu rẹ mú. Èèyàn nìkan ló ń pe èèyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iwin kò ní sùúrù ìpè kẹta.” Ọdẹ́níran pa òfin yìí mọ́ bí ojú ti ń pa ẹyin rẹ̀ mọ́. Ọdẹ mẹ́ta tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ni kò pa á mọ́. Títí di òní, a kò rí egungun wọn.

Nígbà tí fóònù wá dé abà, tí Mojírádé ọmọ rẹ̀ obìnrin ra kékeré kan fún un, òfin ìpè mẹ́ta náà ni ó gbé lé fóònù lórí. Bí ó bá wà nínú igbó tí fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, yóò kàn wò ó. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kejì, yóò gbọ́. Ó di ìgbà kẹta kí ó tó gbé e sétí. Àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Àkàngbé, ṣé iwin náà ń ra káàdì fóònù ni?”

“Ta ló sọ fún ọ pé kì í rà á?”

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, òjò kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọdẹ́níran wà nínú igbó, ó ti lo ọjọ́ méjì níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ láti ìgboro pé ìrọbí ti mú Mojírádé. Àwẹ̀ró di ẹrù kékeré, ó wọ ọkọ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ kò rí ara wọn kí ó tó lọ. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀sán pọ́n gan-an, Ọdẹ́níran ba mọ́lẹ̀ sẹ́yìn igi, ó ń ṣọ́ àgbọ̀nrín kan, ni fóònù bá gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Ó wò ó. Kò mọ nọ́ńbà náà. Ó dákẹ́. Ó tún gbọ̀n. Ó di ẹnu rẹ̀ mú, ó ń dúró de ìkẹta.

Ìkẹta kò wá. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ní iwin ni. Ó yìnbọn, ẹran ṣubú.

Ó gbé àgbọ̀nrín náà kọ́ èjìká, ó ń bọ̀ wálé pẹ̀lú ìjálá lẹ́nu. Ó rí àwọn èèyàn tí wọ́n jókòó níwájú ilé rẹ̀, kò sí ẹni tó kí i kú ọdẹ. Ó sọ ẹran kalẹ̀. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀.

Ó pé ogójì ọjọ́ tí wọ́n sin Àwẹ̀ró kí Mojírádé tó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó kúnlẹ̀ níwájú baba rẹ̀.

“Bàbá mi, lẹ́yìn tí Màámi fi fóònù tuntun mi, tí ẹ kò tíì mọ nọ́ńbà rẹ̀, pè yín tí ẹ kò gbé e, wọ́n sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n ní kí ohùn náà lọ bá yín. Orí ibùsùn ìbímọ ni mo wà, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Kò pẹ́ ni wọ́n ṣubú. Fóònù náà bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì fọ́. Ṣùgbọ́n ohùn náà ti kúrò níbẹ̀ kó tó fọ́.”

“Ibo ló lọ?”

“Ọ̀dọ̀ yín ni, Bàbá. Fóònù kékeré yín ni kò lè gbà á.”

Ó mú fóònù ńlá kan jáde tó rà fún un. Ọdẹ́níran gbà á bí ẹni gba ẹyin. Ó gbé e jáde síwájú ilé, kò gbọ́ nǹkan. Ó gbé e dé ìgboro, ó dúró lójú títì, ó nà án sókè títí apá fi ro ó, kò gbọ́ nǹkan. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá dáhùn kì í dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó máa ń padà sí ibi tí wọ́n ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti korò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ohun tó ń wá kò pọ̀. Kò ní kí òkú dìde. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tí aya rẹ̀ ń wí nígbà tí òun dákẹ́. Bóyá ó ń kígbe pé kí ó gba òun. Bóyá ó ń bú u. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ó fẹ́ gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, íńjìnnìà obìnrin kan tó ń jẹ́ Adéyínká wá tún òpó fóònù tó wà lórí òkè lẹ́yìn abà ṣe. Ọdẹ́níran gun òkè lọ bá a, ó sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún un.

Adéyínká ní, “Bàbá, ìran kejì, èyí tí a ń pè ní 2G, ni òpó yín yìí. Ìran kìíní ti kógbá sílé. Ìran kejì ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé kúkurú. Ìran kẹta ń gbé àwòrán, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Ìran kẹrin ló ń gbé ohun gbogbo, tó sì ń yára. Irú ohùn tí ẹ ń wí yìí, ọwọ́ wọn ni yóò wà.”

“Ọmọ mi, ibo ni ìran kẹrin ń gbé?”

Ọmọbìnrin náà ń so wáyà lọ́wọ́, ó rò pé àgbàlagbà ń ṣeré ni. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí igbó tó wà lẹ́yìn òkè. “Ọ̀hún ni, Bàbá. Wọn kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín.”

“Èmi yóò lọ bá wọn.”

Ọdẹ́níran kì í ṣeré. Bí wọ́n bá ní ẹran gba ọ̀hún, ọ̀hún náà ni yóò gbà. Àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ kúrò nílẹ̀ ní ọjọ́ tó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́, tó ki fóònù ńlá bọ àpò ọdẹ, tó sì wọ igbó náà lọ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni.

Igbó Ohùn ni igbó náà ń jẹ́. Kò sí ẹyẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo kò dá. Ewé ń sọ̀rọ̀, kòtò ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ti sọ látijọ́ ni wọ́n ń tún sọ. “Ẹ bá mi kí ìyàwó.” “Ọjà náà kò tíì dé.” “Hẹ̀lóò, hẹ̀lóò, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” Ibi tí ọkùnrin mìíràn ti máa fi ẹ̀yìn rìn padà ni Ọdẹ́níran ti ń fi àyà rìn lọ.

Ní ẹ̀gbẹ́ igbó yìí ni ó ti kan Ìlú Ìran Kìíní. Àwọn ará ìlú náà ti gbó. Fóònù tí wọ́n ń lò tóbi bíi búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé, orí ni wọ́n fi ń rù ú. Okùn tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá níbẹ̀ kò pọ̀, ẹni méjì péré ni okùn kan sì ń gbà. Bí ẹni méjì bá ti gun okùn, àwọn ìyókù yóò tò sílẹ̀, wọn yóò máa dúró, irùngbọ̀n yóò máa hù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì sọ lórí okùn, gbangba ni. Ẹni tó bá gbé etí rẹ̀ sókè yóò gbọ́ ọ. Nítorí náà ni olè ohùn fi pọ̀ ní ìlú yẹn bí eṣinṣin lójú egbò.

Bí Ọdẹ́níran ti ń kọjá lẹ́yìn ìlú ni ó gbọ́ ọ.

“Àkàngbé o!”

Ohùn Àwẹ̀ró ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń pè é wá jẹun láti ẹ̀yìnkùlé ní ìgbà tí wọ́n ṣì kéré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ náà dúró.

“Àkàngbé o!”

Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ yún un láti dáhùn. Ó fi eyín há ahọ́n rẹ̀ títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó dúró de ìkẹta. Ìkẹta kò wá. Dípò rẹ̀, ohun kan bí òkìtì ọ̀gán tí etí hù sí lára látòkè délẹ̀ yọ láti inú igbó. Ajíhùnlò ni wọ́n ń pè é, olórí àwọn olè ohùn.

“Ìwọ ọkùnrin yìí, kí ló dé tí o kò dáhùn? Ohùn aya rẹ kọ́ ni?”

“Ohùn aya mi ni. Ẹnu rẹ ni kì í ṣe ẹnu rẹ̀.”

Ajíhùnlò rẹ́rìn-ín, gbogbo etí rẹ̀ ń mì. “Mo mọ̀ ọ́. Kò sí ìpè tí n kì í gbọ́. Bí o ṣe ṣe sí mi yìí náà ni o ṣe sí òun. Ó pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, o dákẹ́ bí òkúta.”

Ọdẹ́níran gbé ìbọn sójú. Ó ti pa ohun tó le ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ìbọn kì í pa òtítọ́. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ajíhùnlò ń tẹ̀lé e lókèèrè, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìlú Ìran Kejì kò jìnnà. Ilé wọn mọ́, ọ̀nà wọn gún. Òkúta wẹ́wẹ́ méjì ni wọ́n ń ná níbẹ̀, funfun àti dúdú, kò sí ẹ̀kẹta. Ohun gbogbo tí èèyàn bá sọ, wọn yóò ṣẹ́ ẹ sí òkúta funfun àti dúdú, wọn yóò kó o sínú àpò, kò sì sí olè tó lè mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ahun ni wọ́n nínú ọ̀rọ̀. Oníbodè wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n rán ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ pa kí ó má baà là jù, na ọwọ́ dá Ọdẹ́níran dúró.

“Sọ ohun tí o bá wá. Lẹ́tà ọgọ́jọ ni o ní. Bí o bá lé e, a ó gé ahọ́n rẹ.”

Ìwọ lẹ́bàá ògiri, ìwọ ìbá ti fi orílẹ̀ baba rẹ nìkan jẹ lẹ́tà ọgọ́jọ tán. Ọdẹ́níran kò ṣe bẹ́ẹ̀.

“Aya mi kú. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì, n kò dáhùn. Ó fi ohùn sílẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ.”

Oníbodè fi ìka ka lẹ́tà. “Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ó ṣẹ́ kù mẹ́rìnléláàádọ́fà. O kò ní fi ìyókù sunkún?”

“Ẹ fi pamọ́ fún ẹlòmíràn.”

Omi bọ́ lójú oníbodè fúnra rẹ̀, ó sì yára nù ún, nítorí omijé pàápàá ní iye tí wọ́n ń kà ní ìlú náà. Ó ní, “Ohùn odidi tí èèyàn gbà sílẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa, baba. Àpò wa kéré. Máa lọ síwájú. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ọ̀dọ̀ ìran kẹta, má jókòó.”

Má jókòó. Ó rọrùn láti sọ.

Ìlú Ìran Kẹta kì í ṣe ìlú bí a ti mọ ìlú. Pápá gbalasa kan ni, ògiri funfun wẹ́wẹ́ sì wà níbẹ̀ tí a kò lè ka iye wọn. Níwájú ògiri kọ̀ọ̀kan, èèyàn kan jókòó. Lára ògiri, òrùka kékeré kan ń yí, ó ń yí, kò dúró. Obìnrin arúgbó kan, Ìyá Dẹ̀ẹ́dẹ̀ẹ́, ló ń pín ìjókòó.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ta ni ẹ fẹ́ rí?”

“N kò wá láti rí ẹnikẹ́ni. Ohùn ni mo ń wá.”

“Ẹ jókòó náà. Ojú ló ń ṣíwájú ohùn.”

Kí ó tó lè fèsì, òrùka náà yí lójú ògiri kan, orí Àwẹ̀ró sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Gèlè aláwọ̀ elú rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni iwájú orí, pẹ̀lú àpá ibi tí igi ìdáná ti ta á ní ọdún tí wọ́n fẹ́ ara wọn. Ọdẹ́níran kò mọ ìgbà tó jókòó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdẹra ni ebi, ìdẹra ni ẹ̀gún. Mo ti rí ọdẹ tó fi ẹsẹ̀ já pàkúté tí kò ké. Ohun tó wà ní pápá yẹn le jù wọ́n lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ojú rẹ̀ yọ. Ó ń wò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, imú yọ, àti apá òkè abàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó dúró sí. Òrùka ń yí. Ẹnu kò dé.

Ewéko ti hù lórí ẹsẹ̀ ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ọmọkùnrin kan ló wà lára ògiri tirẹ̀, ó ku àgbọ̀n nìkan kí ó pé.

Ó ní, “Ọdún kọkànlá rèé. Ọmọ mi ni. Ẹ má lọ o, ọ̀gbẹ́ni. Tiyín ti dé imú. Ẹnu ń bọ̀.”

“Bí ẹnu bá dé, ṣé yóò sọ̀rọ̀?”

Ọkùnrin náà rò ó. “N kò béèrè rí. Mo rò pé kí n rí i tán ná.”

Ọdẹ́níran ń wo ojú Àwẹ̀ró, ojú náà ń wò ó. Ìbọn rẹ̀ dípẹtà nílẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ kan àyà. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun lè máa gbé ibí; ta ló ń dúró de òun nílé? Ṣùgbọ́n bí ó ti ń wo ojú náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí bí Àwẹ̀ró ṣe máa ń fi ojú yẹn gan-an wo ẹni tó bá jókòó lásán. Obìnrin tí kì í jókòó lásán. Bí ó bá ń jókòó, ẹ̀gúsí ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń bó. Ọdẹ́níran mọ ohun tí ìbá wí bí ó bá bá òun níbẹ̀, pẹ̀lú ìdọ̀tí lọ́rùn. Ìbá ní, “Bàbá Mojírádé, ṣé ẹ ti di ààrò ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín nìyẹn láti ọjọ́ àgbọ̀nrín. Ẹ̀rín náà já a kúrò nílẹ̀ bí ẹni fa iṣu. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ ń ké. Ó yí ẹ̀yìn sí ojú aya rẹ̀ nígbà tó ku ẹnu kí ó pé, ó sì ń lọ. Èmi tí mo bá ẹfọ̀n wojú, n kò lè ṣe é.

Ìlú Ìran Kẹrin kò ní odi, kò ní oníbodè. Àwọn ará ibẹ̀ ní etí mẹ́rin àti ẹnu mẹ́rin, wọ́n ń fi ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń yé wọn. Ọ̀nà ibẹ̀ tín-ín-rín bí irun orí, wọ́n pọ̀ bí irun orí, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn tímọ́tímọ́, ọ̀kan kò sì gun èkejì. Lórí ọ̀nà wọ̀nyí ni àwọn ìránṣẹ́ ń sáré, wọn kò tóbi ju ìjàlọ lọ. Ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀rún kan, nọ́ńbà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rún orin ni, ẹ̀rún ìwé ni, ẹ̀rún àwòrán ni, ẹ̀rún ẹkún ni. Wọn kò ya ọ̀nà ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ohùn àti òmíràn fún àwòrán. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Atẹ̀ẹ́létò ló ń wo bí wọ́n ṣe ń tò. Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀ fún un, òun tí kì í dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin.

Atẹ̀ẹ́létò ní, “Dìde, baba. A mọ̀ ọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ẹ̀rún ni a gé ọ̀rọ̀ aya rẹ sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọ̀nà tirẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Wọ́n kan fóònù kékeré rẹ lẹ́ẹ̀kan, kò ṣí. Wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kejì, kò ṣí. Wọ́n padà.”

“Ìkẹta ń kọ́?”

“Ìkẹta kò sí níbí. A kì í gbé ẹrù sílẹ̀ fún ẹni tí kò sọ pé òun wà. A ṣì tọ́jú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Ìpè kan ṣoṣo ló kù fún un. Bí o bá dáhùn, yóò wọlé. Bí o bá dákẹ́, yóò di afẹ́fẹ́.”

Ọdẹ́níran wò yíká. Lẹ́yìn rẹ̀, ní etí igbó, Ajíhùnlò dúró, gbogbo etí rẹ̀ nà ṣánṣán, ẹnu rẹ̀ là.

“Ìyá, ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá dáhùn ìpè kìíní, iwin ló ń gbé e lọ. Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ pè mí, pé kì í ṣe ẹni yẹn?”

“O kò ní mọ̀.”

Ó jókòó sórí gbòǹgbò kan, fóònù ńlá lórí itan rẹ̀. Àádọ́ta ọdún ni òfin ìpè mẹ́ta fi pa á mọ́. Òfin náà ló mú un dàgbà, òun náà ló sì ti ilẹ̀kùn mọ́ aya rẹ̀ sóde. Ó ní nínú ara rẹ̀, “Ká sọ pé iwin gbé mi lọ. Ibo ni yóò gbé mi lọ tó jìnnà ju ibi tí mo wà yìí lọ?”

“Àkàngbé.”

Ohùn tín-ín-rín ni, kò jọ ti ọkùnrin, kò jọ ti obìnrin.

“Èmi rèé,” ni Ọdẹ́níran wí. “Mo wà níbí. Mo ń gbọ́.”

Ilẹ̀ kò là. Kò sí ọwọ́ tó gbá a mú. Àwọn ìjàlọ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ọ̀nà gbogbo. Èyí tó gbé ẹ̀rún ìkẹyìn ṣíwájú èyí tó gbé ti àkọ́kọ́; ikọ́ dé, ìró ilẹ̀kùn dé, “òjò” dé láìsí ohun tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ń wo nọ́ńbà ẹ̀yìn ara wọn, wọ́n ń to ara wọn. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn wọ ipò rẹ̀, Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀.

“Bàbá Mojírádé. Bàbá Mojírádé o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ sí i, n ò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́. Mojírádé ti bí. Obìnrin ni. Orí rẹ̀ gún bíi tiyín, ká ṣáà máa dúpẹ́. Mo ti pè yín lẹ́ẹ̀mejì. N ò ní pè lẹ́ẹ̀kẹta. Bí mo bá pè lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ó dáhùn, ẹ ó sì máa sáré bọ̀, orúnkún yín kò sì dáa. Ẹran tí ẹ ń ṣọ́ náà á sì sá. Àyà ń dùn mí díẹ̀ ni, wọ́n ní kí n sinmi. Ẹ̀gúsí tí mo sá sórí àpáta, ẹ bá mi kó o wọlé kí òjò tó dé. Agbọ̀n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má gbàgbé o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbàgbé. Ó tán. Nọ́ọ̀sì, ibo ni wọ́n ń tẹ̀ kó dákẹ́?”

Ó dákẹ́.

Ọdẹ́níran gbé orí sókè. Àwọn ìjàlọ ṣì dúró, wọ́n ń wò ó, nítorí òfin wọn ni pé ìránṣẹ́ kì í kúrò níwájú ẹni tí kò tíì sọ pé ọ̀rọ̀ dé.

“Mo ti gbà á,” ni ó wí. Wọ́n sì túká.

Ó wá bi Atẹ̀ẹ́létò pé, “Ìyá, ọ̀nà àbọ̀ ń kọ́? Mo ní èsì kékeré kan. Kò tó lẹ́tà ogún.”

Atẹ̀ẹ́létò fi ọwọ́ lé e léjìká. “Ibi gbogbo tí òpó wà ni ọ̀nà wa dé, baba. Níbi tí òun wà, a kò tíì ri òpó mọ́bẹ̀.”

Ó gbọ́. Ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́. Ní ọ̀nà, Ajíhùnlò tún fẹ́ pè é, ó la ẹnu, ṣùgbọ́n ohùn Àwẹ̀ró kò jáde níbẹ̀ mọ́. Ojúlówó ohùn náà ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Wọ́n ti ń jẹ àgbàdo tán nígbà tó dé Abà-Àpáta. Kò wọ inú ilé. Ẹ̀yìn ilé ni ó gbà lọ, níbi tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Òjò ti gbá ẹ̀gúsí kúrò lórí àpáta tipẹ́. Ní ìsàlẹ̀ àpáta, níbi tí àgbàrá kó wọn sí, wọ́n ti hù, wọ́n ti fà, wọ́n ti bo ilẹ̀, wọ́n sì ti so, bàrà rẹ̀ pọ̀ bí orí àwọn ọmọ tó ń sùn.

Ó ká wọn. Ó dúró kí wọ́n rà, ó fọ̀ wọ́n, ó sá wọn sórí àpáta. Kò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, òjò ṣú dùdù láti ìlà-oòrùn. Mo jókòó lábẹ́ igi ọ̀sàn iwájú ilé mi nígbà tí mo rí Ọdẹ́níran tó já jáde láti inú ilé, agbọ̀n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi orúnkún tí kò dáa yẹn sáré.

Mo pariwo, “Àkàngbé! Kí ló ń lé ọ?”

“Wọ́n pè mí ni!”

“Ẹ̀ẹ̀melòó?”

Kò dúró. “Ẹ̀ẹ̀kan ni,” ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kó ẹ̀gúsí wọlé.

Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí ni ẹnu tèmi náà dúró. Ẹ lọ wo iṣu yín.